Ẹ̀wù Tí Mo Rán Ló Dójú Ti Bàbá Tó Fọkàn Tán Mi

Bí ẹ bá ń ka ìwé yìí ní Ìsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi náà. N kò wá tọrọ àánú. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa kà á, kí ó sì bẹ̀rù ara rẹ̀ díẹ̀.

Ọmọ́lẹ́wà ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Daniel ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni èmi àti ọkọ mi, Oyèwọlé, ń gbé. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yàrá àlejò wa ni mo sọ di ṣọ́ọ̀bù. Maṣín-ìn méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì ìgéṣọ, àti àpótí kan tó kún fún fọ́tò àwọn òkú tí n kò mọ̀ rí.

Aṣọ àtijọ́ ni mò ń rán. Àwọn ènìyàn á gbé fọ́tò bàbá wọn àgbà wá, wọ́n á ní, "Ìyá Daniel, ẹ bá mi rán irú èyí." Àwọn eléré orí ìtàgé ń wá. Ìyàwó ojú ọ̀nà tó fẹ́ wọ irú ẹ̀wù tí ìyá ìyá rẹ̀ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ayé àwọn òyìnbó ń wá. Bí ẹ bá fi apá ẹ̀wù kan ṣoṣo hàn mí nínú fọ́tò tó ti ṣá, mo lè sọ bí wọ́n ṣe gé ìyókù.

Mo mọ iṣẹ́ náà. N kò ní purọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n gan-an ló kó bá mi.

Rachael ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹgbẹ́ akọrin kan náà la wà, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń dúró sí. Bàbá rẹ̀, Bàbá Ògúnyẹmí, ni olórí ẹbí wọn ní Ìsẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Síbẹ̀ ó ń dá lọ sí oko tó wà lẹ́yìn ilé, ó ń fọwọ́ kan kòkó lórí igi, á sì sọ èyí tó ti gbó. Kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, Rachael mú mi lọ sílé wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣí àpótí. Ó mú ẹ̀wù kan jáde, ó nà án sí mi.

Ẹ̀yin ará, dàńdógó ni. Òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ so pọ̀, aró ẹ̀lú tó ti ṣá di àwọ̀ òfuurufú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yípo ọrùn rẹ̀ títí dé àyà. Ọrùn rẹ̀ ti ya níwájú, ìyẹn ni wọ́n ní kí n tún ṣe.

"Ọmọ mi," Bàbá ní, "ẹ̀wù yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń wọ̀ ọ́ ní ulé wa. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni olórí ẹbí. Ugbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n mi ló wọ̀ ọ́. Ugbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, ó kàn mí. Bá mi tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n má rán irú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni o."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mo ní má rán irú rẹ̀ o."

"Bàbá, mo ti gbọ́, sà."

Mo gbé e dé ilé. Ó ti dọ̀tí, eruku ọdún púpọ̀ àti òórùn èéfín àti káńfọ̀ wà lára rẹ̀. Mo rọra fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, mo sá a sí ibòji. Mo fi òwú tuntun tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi parí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin ni Lawrence dé.

Mọ́tò funfun ló gbé wá láti Àkúrẹ́. Ọkùnrin tó ti tó àádọ́ta ọdún, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó ń pè mí ní "Màmá" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ. Ó fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àga, ó wọ dàńdógó.

Dàńdógó yẹn gan-an ni. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò ju ẹsẹ̀ márùn-ún lọ sí ibi tí Lawrence jókòó.

"Bàbá bàbá mi nìyí," ó ní. "Mo fẹ́ ya fọ́tò ìrántí fún bàbá mi tó ti kú. Mo fẹ́ wọ irú ẹ̀wù yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, nínú ilé onífọ́tò. Kò tún ní jáde mọ́."

Mo mọ ibi tó ti wá nígbà náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá Ògúnyẹmí ni. Ó yẹ kí n ti dìde, kí n ṣílẹ̀kùn fún un.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú," mo ní. "Àwọn tó ni ẹ̀wù yìí kì í fẹ́ kí wọ́n rán irú rẹ̀."

Kò bá mi jà. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. "Kò burú. Àwọn aránṣọ tí mo ti lọ bá n'Íbàdàn náà sọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ẹni tó lè rán irú èyí mọ́ láyé ìsinsìnyí, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ rán an, ọmọ ọdún márùn-ún á mọ̀ pé tuntun ni."

Ó ti dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," mo ní.

Kì í ṣe owó. Iye tí mo ń gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní owó ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń ronú pìwà dà lé lórí. Àwọn ará Ìbàdàn tí n kò mọ̀ rí ni mo fẹ́ fi hàn pé mo lè rán an.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ṣe é. Mo pe Rachael, mo ní iṣẹ́ ọrùn ẹ̀wù náà le díẹ̀, kí wọ́n fún mi láàyè. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Mo rí obìnrin ahunṣọ kan ní Èmùré tó hun òfì náà fún mi, mo sì fi ọwọ́ so gbogbo rẹ̀ pọ̀, maṣín-ìn kò kàn án. Mo ka gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tó wà lọ́rùn ojúlówó, mo sì ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹni ìṣáájú ti ṣi abẹ́rẹ́ gún, èmi náà ṣì í gún níbẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú omi eérú, mo sá a sóòrùn, mo tún rẹ ẹ́. Mo fi òkúta wẹẹrẹ ha ìgúnpá rẹ̀ àti etí rẹ̀. Mo fi kùmọ̀ lù ú títí ó fi rọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo gbé e lọ sí ibi tí àwọn obìnrin àdúgbò wa ti ń yan gààrí, mo gbé e kọ́ sókè ibi tí èéfín ń gbà kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nígbà tí mo gbé e délé, mo kó káńfọ̀ tì í nínú àpótí. Bí mo ṣe ṣí àpótí náà, òórùn aṣọ àgbà ló kọlù mí nímú. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

N kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti ba ayé ẹnì kan jẹ́.

Mo tẹ́ méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ojúlówó àti èyí tí mo rán. Mo ya fọ́tò wọn. Ẹgbẹ́ àwa aránṣọ kan wà lórí Wasáàpù, àwa tó ju ọgọ́rùn-ún lọ láti gbogbo Èkìtì. Mo fi ránṣẹ́ síbẹ̀, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ̀yin ọ̀gá, èwo ni àtijọ́, èwo ni tèmi?"

Àwọn tó dáhùn lé ní àádọ́ta. Àwọn tó ju ìdajì lọ ló mú tèmi pé òun ni àtijọ́. Orí mi wú. Bùnmi, aránṣọ kan tó ń gbé ní Èmùré, kọ ọ́ pé, "Ìyá Daniel, ẹ kì í ṣe ènìyàn o!" Mo kà á ní àkàtúnkà.

Lawrence wá gbé tirẹ̀ lọ. Ó dúró lórí rẹ̀ pẹ́. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ ṣeun," ó sì lọ.

Mo gbé ti Bàbá padà fún un ní Ìsẹ̀. Ó fọwọ́ tọ ibi tí mo tún ṣe lọ́rùn rẹ̀, ó gbé e símú.

"O ti fọ̀ ọ́?" ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti dọ̀tí."

"Hẹn. Ọṣẹ ló ń rùn." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rachael fún mi ní iṣu mẹ́ta àti ìgò epo kan. "Uṣẹ́ rẹ dára. Ọlọ́run á dá ọwọ́ rẹ sí."

Mo ṣe àmín. Mo gbé iṣu náà délé, a gún un jẹ.

Ìpàdé ẹbí wọn bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní. Rachael ní kí n wá, pé kí n wá wo bí ẹ̀wù tí mo tún ṣe ṣe dára lára Bàbá. Mo fẹ́ kọ̀, n kò rí àwáwí. Àwọn ènìyàn ti kún iwájú ilé fọ́fọ́. Bàbá jáde pẹ̀lú dàńdógó rẹ̀, wọ́n kí i, ó jókòó.

Nígbà náà ni Lawrence wọlé. Ó gbé ẹ̀wù tí mo rán sí apá rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Mo rò pé fọ́tò ló fẹ́ fi hàn wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni mo tan ara mi jẹ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan.

"Ẹ̀yin àgbà," Lawrence ní, "ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Kí bàbá mi tó kú, ó fa ẹ̀wù bàbá wa lé mi lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́. Òun nìyí. Èyí tí Bàbá wọ̀ yẹn, wọ́n rán an ni. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Òwú tuntun ni!"

Ariwo ta. Àwọn kan dìde. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yé gbogbo wọn: Lawrence ti ń wá bí yóò ṣe ta ilẹ̀ oko kòkó wọn tó wà lójú títì, Bàbá kò sì gbà. Ẹni tó bá jẹ́ olórí ẹbí ló lè fọwọ́ sí i.

Bàbá Adéyẹyè ló ń darí ìpàdé. Ọmọ tí obìnrin ilé bí ni, kò lè jẹ olórí ẹbí láéláé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kó dájọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè títí gbogbo wọn fi dákẹ́.

Bàbá Ògúnyẹmí kò bínú rárá. Ó bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi," ó ní. "Ojú mi ló fọ́, ọwọ́ mi kò fọ́. N kò lè ṣi ẹ̀wù bàbá mi mú."

Wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n gbé ti Bàbá sí apá ọ̀tún, wọ́n gbé ti Lawrence sí apá òsì. Gbogbo wa rí i. Òun nìkan ni kò rí i.

Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní. Ó fọwọ́ kan ti ọ̀tún. Ó fọwọ́ tọ ọrùn rẹ̀, ó tọ apá rẹ̀, ó gbé e símú. Ó gbé e sílẹ̀. Ó fa ti òsì sọ́dọ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó gbé e símú, ó mí sínú.

Ojú rẹ̀ tú ká. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Èyí ni," ó ní. "Èyí ni bàbá mi."

Ẹnì kan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì bá a rín.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ọkọ mi. Ní ìgbà tí Bàbá sọ pé "Èyí ni," kí ẹ̀rù tó bà mí, kí ojú tó tì mí, inú mi dùn. Bí ẹni ṣẹ́jú ni, ṣùgbọ́n ó dùn. Mo ní nínú mi pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi tan Bàbá pàápàá jẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ń rẹ́rìn-ín?" Bàbá béèrè. Ó ń yí ojú kiri. "Rachael, kí ló dé?"

Rachael kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ti Lawrence lẹ mú."

"Rárá."

"Tirẹ̀ lẹ mú, Bàbá."

Ó tún fọwọ́ kàn án. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti fi ọṣẹ fọ ojúlówó, mo sì ti fi èéfín àti káńfọ̀ rin ayédèrú. Òórùn àpótí bàbá rẹ̀ ló gbọ́, èmi ni mo sì gbé òórùn náà kúrò nínú ọ̀kan tí mo kó o sínú èkejì.

Rachael fi ojú wá mi láàárín èrò. "Ìyá Daniel! Ìwọ lo tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó wà lọ́wọ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Sọ fún wọn èyí tó jẹ́ ojúlówó."

Gbogbo ojú yí sí mi. Lawrence náà ń wò mí. Kò bẹ̀ mí, kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn ń wò mí.

Mo ro ti ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ro ohun tí wọ́n á máa pè mí. Mo la ẹnu.

"Ọrùn rẹ̀ nìkan ni mo bá wọn tún ṣe," mo ní. "N kò lè sọ èyí tó jẹ́ àtijọ́."

Bàbá gbọ́ ohùn mi. Ó kọjú sí ibi tí mo wà, ó mi orí bí ẹni pé ó yé e, ó ní, "Ẹ má dà á láàmú. Ọmọ yẹn ṣe ìwọ̀n tó mọ̀."

Ì bá sàn kí ó bú mi.

Bàbá Adéyẹyè ní òun á gbé ẹ̀wù méjèèjì sọ́dọ̀. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹbí á tún jókòó, bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, wọ́n á fi èyí tí Lawrence gbé wá wọ Lawrence, á sì di olórí ẹbí, nítorí Bàbá fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ mú un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ní àkókò tó pọ̀ tó.

Lawrence pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì. "Màmá, mo dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ ènìyàn ọlọ́gbọ́n." Mo pa fóònù náà mọ́ ọn létí.

Rachael ń pè mí ní ọjọ́ méjì méjì. Kò fura sí mi rárá, ó ń bá mi sunkún ni. Ó ní Bàbá kò lọ sóko mọ́. Ó ní àwọn ọmọ àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń na aṣọ tó bá wà lórí okùn sí i, wọ́n ń bi í pé ti ta ni. Mo ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, Rachael. Á dára."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé o mọ ohun tí Bàbá sọ lónìí? Ó ní bóyá òótọ́ ni. Ó ní bóyá ẹ̀gbọ́n òun tan òun jẹ kó tó kú, ó gbé ẹ̀wù irọ́ fún òun, ó gbé ojúlówó fún ọmọ rẹ̀. Ìyá Daniel, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn débi pé abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun. Ó ti ń bínú sí òkú báyìí."

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún ọkọ mi. Oyèwọlé kì í pariwo. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ibí sí Ìsẹ̀ kò tó wákàtí kan," ó ní. "Dìde, ká lọ ní òwúrọ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́, ta ló tún máa gbé aṣọ bàbá rẹ̀ wá sínú ilé yìí?"

Ó wò mí. "Ọmọ́lẹ́wà, ta ló yẹ kó gbé e wá?"

N kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá lọ. Oníbàárà á dé lọ́la, màá ní ọ̀túnla. Ọ̀sẹ̀ kẹta parí, n kò tíì lọ.

Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e ni Rachael dé. Àwọn obìnrin méjì wà níwájú mi, mò ń wọn ọ̀kan lára wọn. N kò gbọ́ ìró mọ́tò. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Rachael, ṣé kò sí nǹkan? Wọlé."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bẹ́ẹ̀dì ta nìyí?"

Fọ́tò náà ni. Dàńdógó méjì, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé mi tó ní òdòdó. Rachael mọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Òun ló rà á fún mi nígbà tí a ṣí ilé.

"Bùnmi ará Èmùré ló fi hàn mí. Ará Ìsẹ̀ ló fẹ́ ẹ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá mi lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ó ní òun rántí fọ́tò kan. Ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ sókè kí n gbọ́."

"Rachael, jọ̀ọ́..."

"Kà á!"

Mo kà á. "Ẹ̀yin ọ̀gá, èwo ni àtijọ́, èwo ni tèmi?" Àwọn oníbàárà méjèèjì ń wò wá. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn ló gbà á lọ́wọ́ mi.

"O wà níbẹ̀," Rachael ní. Kò pariwo mọ́. "Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, níwájú àwọn ọmọ tó bí. Mo pe orúkọ rẹ. Mo rò pé ìwọ ni màá pè tí wàhálà á fi tán."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi obìnrin. N kò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mú ìborùn rẹ, ká lọ."

A wọ mọ́tò lọ sí Ìsẹ̀. Rachael ti ránṣẹ́ pe Bàbá Adéyẹyè. Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: fọ́tò inú fóònù Lawrence, òfì Èmùré, omi eérú, èéfín gààrí, káńfọ̀. Bàbá Ògúnyẹmí jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń retí kí ó bínú. Kò bínú.

Nígbà tí ẹbí jókòó ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo tún sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Lawrence ní òun kò purọ́, pé fún fọ́tò lásán ni òun ṣe rán an.

"Ta ló wá ya fọ́tò níbí?" Bàbá Adéyẹyè bi í.

Wọ́n fi Lawrence rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ mọ́tò rẹ̀. Kò tún padà wá láti ọjọ́ náà. Wọ́n gbé ojúlówó wọ Bàbá lọ́rùn. Ó na apá, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un. Kò fọwọ́ kan ẹ̀wù náà, kò gbé e símú. Wọ́n kọrin, wọ́n jó. Ó jókòó sáàárín wọn bí àlejò.

Mo rìn lọ bá a lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́," ó ní. "Pé o rán an, ìyẹn kò dùn mí púpọ̀. Ọmọ aráyé ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó má ṣe. Ṣùgbọ́n uwọ nìkan lo mọ̀ pé ọwọ́ mi kò ṣì. Uwọ nìkan, nínú gbogbo ulé. O sì jẹ́ kí n gbà pé ó ṣì."

Mo gbé ìborùn mi, mo padà sílé.

Iṣẹ́ mi ti dínkù. Àwọn tó ń gbé aṣọ àgbà wá ti ń lọ sí ibòmíràn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán jù báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kò sí ẹni tó lè ṣe é, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Rachael kò bá mi ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n wá kí Bàbá. Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a jọ ń sọ ọ̀rọ̀ òjò. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè Daniel. Afẹ́fẹ́ fẹ́ fìlà rẹ̀ kúrò lórí itan rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo he é, mo gbọn eruku ara rẹ̀ nù, mo fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá, fìlà yín rèé, sà."

Ó yí i po lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yípo.

"Ṣé tèmi nì í?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Ó dá ọwọ́ dúró. Kò dé e.

"Rachael!" ó pè sínú ilé. "Rachael, wá bá mi wò ó."